Páálí káàdì ọ̀rọ̀ CHamoru tí a fi ń kí àna wa: bí mo ṣe rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko. Àwọn kan ti ń bi mí lórí WhatsApp pé báwo ni páálí káàdì yẹn ṣe rí, ṣé ó tó owó tí wọ́n fi rà á, mo ní ẹ jẹ́ kí n lò ó tó oṣù mẹ́ta ná. Oṣù mẹ́ta ti pé, ó tiẹ̀ ti lé díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wá sọ gbogbo ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ gbé e dé Guam, erékùṣù kan láàrin òkun Pàsífíìkì tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti rí ìyàwó. Ìyàwó wa kì í ṣe Òyìnbó o, ọmọ CHamoru ni, àwọn gan-an ló ni ilẹ̀ yẹn kí àwọn àlùfáà Spéènì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1668, kí Amẹ́ríkà tó gbà á lọ́wọ́ Spéènì ní 1898. (CH yẹn, ẹ pa t pọ̀ mọ́ s kẹ́ ẹ tó pè é, tsamóru.) Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan. Màmá wa tó wà ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ wá fárí gá pé òun ò gbà, pé ẹni tó fún èèyàn lọ́mọ fẹ́, ó yẹ kéèyàn lè fi ẹnu ilé tiẹ̀ kí i, pé "hẹ́lò, hẹ́lò" tí òun ń sọ fún ìyá ìyàwó òun lórí fóònù yẹn ti sú òun. Bí àbúrò mi ṣe lọ wá páálí káàdì nìyẹn, dọ́là 32 ló rà á, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ọdún Kérésì, láti Àbújá ni wọ́n ti fi mọ́tò gbé e wá bá mi ní Kàbbà, tórí èmi ni tíṣà ilé wa.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Mo fẹ́ sọ ibi tó dáa, mo sì fẹ́ sọ ibi tó kù sí láìfi bò, ìyẹn ló jẹ́ kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Káàdì 150 ló wà nínú ẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kíláàsì mẹ́ta lọ. Iwájú ni àwòrán wà, ọ̀rọ̀ CHamoru wà lábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí i padà ẹ máa rí ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Òyìnbó àti àmì dúdú onígun mẹ́rin tí ẹ máa na kámẹ́rà fóònù sí kẹ́ ẹ lè gbọ́ ohùn. Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú gbogbo ẹ̀. Wọn ò lo ẹ̀rọ, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń mí, ẹ máa gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ọ̀kan tiẹ̀ wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Màmá wa gbọ́ ìyẹn, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o mà" bí ẹni pé obìnrin náà wà nínú yàrá.

Káàdì kìíní ni Håfa adai. Ẹ má pè é bí ẹ ṣe rí i o. Å tó dé òrùka lórí yẹn, ohùn ẹ̀ wà láàrin a àti ọ tiwa, ọ̀fun ló ti ń wá, torí náà nǹkan bíi "họ́fà" ni etí wa máa gbọ́, adai tó tẹ̀ lé e sì máa ń yára sáré di "dé". Họ́fà dé. Inú mi dùn pé ìkíni ni wọ́n fi ṣáájú, torí àwa náà, ìkíni ló fún wa lórúkọ, ẹ wò ó, Owé ni o, Yàgbà ni o, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, ẹnu wa ò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń kí ara wa ní Okun, òun náà ni wọ́n wá fi ń pè wá títí dòní. Àwọn ń gbé àárín òkun, àwa ń kí ara wa ní okun, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú débi pé mo sọ ọ́ fún ìyàwó wa lọ́jọ́ kejì.

Ọpẹ́ wọn ló tẹ̀ lé e, Si Yu'os ma'åse'. Yu'os yẹn, látinú Dios tí àwọn Spéènì ń pe Ọlọ́run ló ti wá, ma'åse' ni àánú, tẹ́ ẹ bá tú u, Ọlọ́run ṣàánú ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́. Ẹ̀yìn káàdì kàn kọ "thank you" ni, kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí, torí tí wọ́n bá ti sọ fún Màmá wa pé Ọlọ́run ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan ló máa mọ̀ ọ́n, ṣebí àwa náà, tí ẹnì kan bá ṣe wá lóore, a máa ní "Ọlọ́run á san án fún ẹ". Èmi ni mo wá ṣàlàyé fún un, ó sì gbá a mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ máa dáhùn pé "Buen probecho".

Káàdì tó gba ọkàn Màmá wa jù ni ti ìkíni àgbà. Mangnginge' ni wọ́n ń pè é. Ọmọdé á mú ọwọ́ àgbà, á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà súnmọ́ imú, á rọra fà á símú, tí àgbà náà bá jẹ́ ọkùnrin, ọmọ á ní "Ñot", tó bá jẹ́ obìnrin á ní "Ñora", àgbà á wá dáhùn pé "Dioste ayudi", Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Àwòrán orí káàdì náà dáa gan-an, ọmọbìnrin kan tẹrí ba lórí ọwọ́ ìyá àgbà, iṣan ọwọ́ ìyá náà yọ gbọọrọ. Màmá wa gbé e sójú, ó wò ó, wò ó, ó ní "àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé". Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e la pe ìyàwó wa lórí fídíò, ìyàwó wa gbé imú súnmọ́ fóònù bí ẹni tó mú ọwọ́ Màmá dání, ó ní "Ñora", Màmá wa ò wo káàdì rárá, ó ní "Dioste ayudi", ó sì tún fi tiwa lé e, "Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa". Ìyàwó wa sunkún. Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni káàdì yìí mọ, mo máa ní ó tó owó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Káàdì oúnjẹ tó 40, wọ́n sì ṣe wọ́n dáadáa. Ìrẹsì nìkan, orúkọ mẹ́ta: èyí tó wà lóko ni fa'i, èyí tí wọn ò tíì sè ni pugas, èyí tó ti jinná nínú àwo ni hineksa'. Wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ní àwọn erékùṣù yẹn kí ọkọ̀ Spéènì kankan tó dé ibẹ̀, ẹni tó bá mọ bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣu máa mọ ìdí ẹ̀, torí iṣu ló wà lóko, àmọ́ tó bá ti wọ odó iyán ni, tó bá gbẹ tí a lọ̀ ọ́ èlùbọ́ ni, tó bá wọ ìkòkò àmàlà ni, kò sẹ́ni tó máa gbé àmàlà síwájú àlejò kó ní iṣu rèé. Àgbọn náà bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣì tútù tí wọ́n ń mu omi ẹ̀ ni månha, èyí tó gbó ni niyok. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n ni aga', èyí tí ò tíì pọ́n ni chotda. Ata ni donne', ọbẹ̀ olómi kan tí wọ́n máa ń bu lé ohun gbogbo ni fina'denne', sóyà sọ́ọ̀sì, òróm̀bó wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, àlùbọ́sà àti ata yẹn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyàwó wa ní tí òun bá dé Kàbbà, ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun máa ṣe é fún wa, mo ti sọ fún un pé kó má ṣèyọnu lórí ata.

Ibi iṣu ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Káàdì kan wà tí wọ́n kọ dågu sí, ẹ̀yìn ẹ̀ sọ pé iṣu ni, ó parí. Mo gbé e fún Màmá wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin tó ti fi ọgọ́ta ọdún gún iyán, ẹ ò lè fi àwòrán iṣu tàn án. Ó sún un mọ́ ojú fèrèsé, ó ní "ewùrà lèyí". Mo ní Màmá, wọ́n ní iṣu ni, ó ní "mo gbọ́, ewùrà ni, wo ara ẹ̀, wo bó ṣe fẹ̀ nídìí, wàá gún èyí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní fà". Mo lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, dågu tí àwọn CHamoru ń gbìn, ewùrà wa yìí gan-an ni, irú kan náà ni. Wọ́n ní iṣu kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní nika, ìyẹn ò sí nínú páálí. Nígbà tí a tún pe ìyàwó wa lórí fídíò, Màmá gbé ewùrà kan láti ẹ̀yìn ilé wá síwájú kámẹ́rà, kò tíì sọ nǹkan kan, ìyàwó wa ti ké, "Dågu!" Ìyá wa náà ké, "Ewùrà!" Àwọn méjèèjì ń nàka sí i, ọ̀kan ní dågu, ọ̀kan ní ewùrà. Ìyá ìyàwó wa tó wà lẹ́yìn náà yọjú sí fóònù wá wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá wa ti mọ̀ pé àwọn tí òun bá dána yìí, àgbẹ̀ ni wọ́n.

Ó wá ku ibi tí káàdì náà ti kùnà, mi ò sì ní fi bò, torí ó bí mi nínú nígbà yẹn.

Èdè yìí ní àmì kékeré kan tí wọ́n ń kọ bíi kọ́mà sókè, glota ni wọ́n ń pè é, ibi tí ọ̀fun ti máa ń pa dé gbà kó tó tún ṣí. Lẹ́tà ni wọ́n kà á sí, ó wà lára lẹ́tà 24 tí wọ́n ń kọ. Káàdì mọ́kànlá nínú páálí wa ni àmì yẹn ti fò, méje nínú wọn ni òrùka orí å náà ò sí. Ìyàwó wa ló ń bá mi kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ kan títí dátà fi tán. Ẹ wo ọ̀kan péré: haga ni ọmọbìnrin ẹni, håga' ni ẹ̀jẹ̀. Káàdì tó ní àwòrán ọmọ ìka tó gé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, haga ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀! Ọmọbìnrin! Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá ti mọ irú ìyà tí mò ń wí, kéèyàn fẹ́ kọ ẹ̀jẹ̀ kó wá kọ ẹ̀jẹ́, ẹni tó ń kà á á rò pé o lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tó ń kọ́ èdè látòkèèrè, ohun tó bá rí nínú páálí náà ló máa gbà gbọ́, kò ní ìyá àgbà nítòsí tó máa ní "rárá, báyìí kọ́", ìdí tó fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe irú nǹkan yìí fi ojú ìyá àgbà wò ó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ tí mo tẹ̀ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan níbí, mo gé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn káàdì tó bàjẹ́. Mo fún wọn ní máàkì fún ìyẹn.

Ohun kejì tó sonù, wọn ò sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ máa ń yí ojú padà. Ilé ni guma', káàdì sọ bẹ́ẹ̀, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọnú gbólóhùn, tí i bá ti ṣáájú ẹ̀, ó di i gima'. Òkun ni tåsi, tí i bá ti wọlé òrùka á bọ́, i tasi. Màmá wa gbọ́ gima' lẹ́nu ìyàwó, ó ní wọ́n ti kọ́ òun ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Káàdì kan ṣoṣo tó ṣàlàyé ìyẹn ì bá ti tó.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ̀yin ará Kàbbà, ẹ ẹ̀ nílò kí n sọ fún yín. Ohùn inú káàdì ò ṣe é dá sílẹ̀ sórí fóònù, gbogbo ìgbà ló máa ń lọ mú un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó wà ní Ayétòrò ò sì lè máa retí ìyẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dáa, mo fi fóònù kejì gba ohùn gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo wá kó o sórí mẹ́mórì káàdì, Màmá ń gbọ́ ọ nínú rẹ́díò kékeré tó fi ń gbọ́ ìwàásù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kàn, èmi ò mọ̀ pé ó máa dùn tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ bi ẹ́ ní orúkọ, wọ́n á ní "Håyi na'ån-mu?" Håyi yẹn, "ta ni" ló túmọ̀ sí o, kì í ṣe "kí ni". Ta ni orúkọ ẹ. Ìwọ á dáhùn pé "Guåhu si", kó o wá dárúkọ, si yìí ló máa ń ṣáájú orúkọ èèyàn. Màmá wa fẹ́ràn èyí púpọ̀, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé orúkọ èèyàn kì í ṣe nǹkan, èèyàn ni.

Nínú orúkọ ìdílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ Cruz, Santos, Perez, orúkọ ìrìbọmi tí àwọn Spéènì gbé dé, ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò bára tan ló sì wá ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà wọ́n ní orúkọ agbolé mìíràn tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, Familian báyìí-báyìí. Tó o bá sọ pé Cruz lò ń jẹ́, àgbà á tún bi ẹ́ pé Cruz ti agbolé wo. Ẹ ẹ̀ rí i pé ilé wa náà nìyí? Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ wọn kan wà tí ò kú. Tai ni àìsí, àìní. Taimanglo, aláìnáfẹ́fẹ́. Taitano, aláìnílẹ̀. Taitague, ẹni tí kò sẹ́ni tó lè rọ́pò ẹ̀. Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn mo dákẹ́. Àwọn baba wọn sọ ọmọ bí àwa ṣe ń sọ ọ́, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wà nínú orúkọ. Káàdì orúkọ ò ju méjìlá lọ nínú páálí, ìtumọ̀ tiẹ̀ kúrú jù, ìlà kan péré, ibí yìí gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n náwó sí.

Ọmọ àbúrò mi, Isa ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé, Màmá wa pè mí láàárọ̀ kùtù, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó ní ṣé àbúrò mi ti gba ẹ̀sìn mìíràn ni, torí Isa ní agbègbè wa, ọkùnrin Mùsùlùmí ló ń jẹ́ ẹ. Káàdì ló bá wa yanjú ẹ̀, ó wà nínú àwọn káàdì ojú ọ̀run, níbi tí pulan ti jẹ́ òṣùpá, åtdao oòrùn, puti'on ìràwọ̀, isa rèé, òṣùmàrè, wọ́n kùn ún dáadáa lórí òkun. Àwọn òbí CHamoru ìsinsìnyí ló ń padà fi ọ̀rọ̀ ilé sọ ọmọ báyìí dípò orúkọ Spéènì àti ti Òyìnbó. Àwa náà fún un ní tiwa, ó ti di orúkọ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí fi wọ̀ mí lára. Ní 1922, ìjọba àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Guam fòfin de èdè CHamoru nílé ìwé, wọ́n sì kó ìwé atúmọ̀ èdè wọn jọ, wọ́n dáná sun ún. Ìwé atúmọ̀ èdè o. Ọdún 1974 ni èdè náà tó di ọ̀kan nínú èdè ìjọba ní Guam, ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ òbí ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́mọ. Èmi náà, nílé ìwé tí mo lọ, tó o bá sọ èdè ilé nínú kíláàsì, wàá san owó ìtanràn, wọ́n á tún gbé pákó kọ́ ẹ lọ́rùn títí di ìgbà tí ẹlòmíì bá ṣi ẹnu sọ, tí wọ́n á wá gbé e kọ́ tiẹ̀. Mo gbé pákó yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ ni "omi". Òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Nígbà tí mo rí káàdì hånom, omi, pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà yẹn tó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ gbọ́ bí ìgbà mẹ́wàá.

Àìdọ́gba kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ohùn inú káàdì, ti Guam ni gbogbo ẹ̀. CHamoru ò mọ sí Guam, wọ́n wà ní Saipan, Tinian àti Luta tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Rota. Spéènì ta àwọn erékùṣù apá àríwá yẹn fún Jámánì ní 1899, Jàpáànì tún gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà ogun 1914, Amẹ́ríkà wá gbà á ní 1944, nítorí náà ìjọba wọn àti ti Guam yàtọ̀ títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n. Ìyá ìyàwó wa, Luta ló ti wá, àwọn ará Luta sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin, ohùn á ròkè á wálẹ̀. Màmá wa tó ti kọ́ ti Guam nínú rẹ́díò, nígbà tí àna ẹ̀ la ẹnu, kò dá a mọ̀ rárá. Bí ìgbà tí ẹnì kan kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà Kàbbà ni. Kí wọ́n fi ohùn Luta àti ti Saipan kún un, mo bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tí káàdì náà ṣe dáadáa tí mi ò tíì sọ: "àwa" wọn jẹ́ méjì. Hita ni àwa tí ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, hami ni àwa tí ìwọ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ya àwòrán méjì, nínú ọ̀kan wọ́n fi òkùn yí gbogbo èèyàn ká, nínú ìkejì ẹnì kan dúró síta òkùn. Ọmọ kíláàsì kìíní máa mọ̀ ọ́n. Yorùbá ò ní irú ẹ̀, a máa ń ní láti ṣàlàyé. Oṣù tó kọjá, ìyàwó wa ń sọ̀rọ̀ ìdílé lórí fídíò, ó ń sọ tàwọn ará ilé ẹ̀ ní "familian-måmi", ìyẹn ìdílé àwa tí ẹ ò sí níbẹ̀, ó wá dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wo ojú Màmá wa, ó tún un sọ, "familia-ta". Mo tú u fún Màmá. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mi orí ni.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá. Máàkì kan lọ nítorí glota, ọ̀kan nítorí ohùn tí ò ṣe é dá sílẹ̀, ọ̀kan nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gbẹ̀yìn yìí. Káàdì wà fún pápákọ̀ òfuurufú, fún etíkun, fún òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ohun tí onílé máa kọ́kọ́ sọ fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà ò sí níbẹ̀. "Jókòó" ò sí níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jẹun" ò sí níbẹ̀. Mo wá páálí yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àna wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo gé ẹ̀yìn páálí mílíìkì, ìyàwó wa kà á fún mi lẹ́tà lẹ́tà, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, ọ̀kan Fatå'chong, ìkejì Nihi ta fañocho. Ta yẹn, ti hita ni. Màmá wa ti fi wọ́n sáàrin Bíbélì ẹ̀, ní ibi Orin Dáfídì, àárọ̀ tó bá ti ka tiẹ̀ tán, á fa méjèèjì yọ, á sì kà wọ́n sókè sí àga tó ṣófo níwájú ẹ̀.